Tíṣà Tó Ń Fún Ara Rẹ̀ Ní Máàkì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ènìyàn, kó béèrè àlàáfíà, kó tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dáa, mo kí yín o. Ṣé ara le níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ rí orógbó jẹ bó ṣe wù yín, àbí àwọn náà ń sọ pé ó ti pọ̀ jù? Èmi ṣì wà ní ọ́fíìsì kan náà ní Ìsọlọ̀, mo ṣì ń gbé ilé yín ní Òkè-Àfà, òrùlé tó ń jò lápá ilé ìdáná ṣì ń jò. Mo ti kí yín tán. Ẹ wá jẹ́ kí n bú àwọn tí mo fẹ́ bú.

Àwọn tí mo fẹ́ bú kò pọ̀. Ọmọ yín ọkùnrin ni àkọ́kọ́, Bọ̀dá Wálé. Ìyàwó rẹ̀ ni ìkejì. Ìkẹta ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ́ńkù Fẹ́mi, tí ẹ ò mọ̀, ọpẹ́ sì ni pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹ wà láyé tí ẹ rí bó ṣe ń wọ ilé wọn ní Àìlégún ní ìrọ̀lẹ́, táì pupa lọ́rùn, lọ́fínńdà rẹ̀ á ti jókòó sí pálọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé! Ẹ̀yin tí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fàráńdà títí ẹ fi kú. Mo mọ ohun tí ẹ ò bá ṣe. Ẹ ò bá yọ awò ojú yín, kí ẹ fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, kí ẹ tún ọkùnrin náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dìde kúrò níbẹ̀. Èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Dárà ni, Bàbá. Dárà yín yẹn, ọmọ Bọ̀dá Wálé, tó máa ń sùn lé yín lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe lésìn, tí ìtọ́ ẹnu rẹ̀ á ti rin ṣòkòtò yín. Ó ti dàgbà. Ó ti wà ní pírámárì síísì báyìí, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń bọ̀ lọ́nà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti àwọn obìnrin ni ìyá rẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe tìtorí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ o, kó lè máa rí i sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mọ́mì Dárà ló ní kí gbogbo ènìyàn máa pe òun. Ìyá Dárà ni màá máa pè é nínú lẹ́tà yìí, ẹ̀yin nìkan ló ń kà á.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo yà sí ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ìsìn. Kí ìyàwó wa tó bu ìrẹsì fún mi, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá Dárà ló kọ́kọ́ gbé wá. Ó ń ṣí i fún mi lójú ewé lójú ewé, bí ẹni ń fi fọ́tò ìgbéyàwó han àlejò. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Kò sí ibi tí ọmọ náà ti gba mẹ́sàn-án. Ó ní gbogbo rẹ̀ lòun ń yà ní fọ́tò sórí Wásáàpù, pé àwọn ìyá mìíràn ti ń bẹ òun kóun fi tíṣà náà hàn wọ́n. Mo béèrè ẹni tí tíṣà náà jẹ́. Àyà ìyàwó wa gbéra sókè.

"Àǹtí, a ò kàn lọ gbé tíṣà kan lójú títì o. Kíláàsì tíṣà ẹ̀ gan-an la mú!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa yín. Láàárọ̀, Ọ́ńkù Fẹ́mi á dúró níwájú pátákó nílé ìwé, á fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Nírọ̀lẹ́, á wọ táì, á wá sílé wọn ní Àìlégún, á jókòó ti Dárà lábẹ́ ẹ́síì, á sì bá a ṣe iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fún un. Wọ́n á gbé jíìsì àti mítípáì fún un. Tó bá di ọjọ́ kejì, á gba ìwé náà, á máàkì iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, á fún ara rẹ̀ ní mẹ́wàá, á sì fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé o káre, má dẹwọ́. Tó bá kúrò ní ilé tiwọn, á tún wọ ilé mìíràn ní Èjìgbò, iṣẹ́ kan náà, ìdáhùn kan náà. Ọkùnrin yìí ń gba ipò kìíní nínú ilé bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe láyé!

Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ló ń ṣe é. Mo rò pé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ ni, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ràn wá lọ́wọ́. Mo wá ní kí n ṣe bíi tiyín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe? Ẹ kì í kọ́ ọmọ, ọmọ ló máa ń kọ́ yín. Tí ẹ bá ti ṣàlàyé nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ á na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọ náà, ẹ á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn yòókù, ẹ á sì máa pè é ní Tíṣà. Ẹ á nàka sókè. Ẹ á ní Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ò yé mi. Ẹ á mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìdáhùn sọ, kí ọmọ lè rí yín bá wí. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn láti bá yín wí! Ìyá kan tiẹ̀ wà ládùúgbò tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní lésìn yín, ó ní òun kọjá, òun rí i pé ọmọ òun ló ń kọ́ tíṣà, pé bàbá yẹn ti darúgbó, kò mọ̀wé mọ́. Ẹ ò bá a jà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín.

Èmi náà na pẹ́ńsù sí Dárà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Mo pè é ní Tíṣà. Mo ní mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ro ìdajì mọ́ ìdá mẹ́rin, kó jọ̀ọ́ kó kọ́ mi. Nínú ìwé tí ìyá rẹ̀ fi hàn mí, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kún ojú ewé kan, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ọmọ náà di pẹ́ńsù mú. Ó wo ìwé. Lẹ́yìn náà ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, Ọ́ńkù ò tíì dé."

Bàbá, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bó ṣe rí lójú ọmọ náà nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ìṣirò jẹ́ nǹkan tí ẹnì kan máa ń wá ṣe, bí àwọn tó ń wá kó ìdọ̀tí. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ti rẹ̀ ẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì pẹ́. Bọ̀dá Wálé ń wo bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún wọn pé ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan, pé tíṣà ló ń gba máàkì, kì í ṣe Dárà. Ìyàwó wa gbé ìwé náà kúrò níwájú mi, ó pa á dé.

"Àǹtí, ẹ má bínú o, ayé ti kọjá lésìn fàráńdà. Ti Dádì yẹn, that one na before-before."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọmọ yín. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló ti kọ́ ìṣirò tó gbé e dé yunifásítì, ó mọ̀ bí ọmọ ṣe ń mọ nǹkan, ó sì mọ̀ nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ohun tó rí sọ kò ju pé ká má jà lọ́jọ́ ìsinmi. Mo kẹ́gàn rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀jẹ̀ yín ni, mo sì kẹ́gàn rẹ̀ látọkàn wá. Mo fi ìrẹsì wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, mo bá tèmi lọ.

Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ mìíràn, èmi àti Ọ́ńkù Fẹ́mi pàdé lẹ́nu géètì wọn. Mo bi í pé ojú kì í tì í? Ẹ gbọ́ èsì tó fọ̀. Ó ní nígbà tóun kọ́kọ́ dé ilé yẹn, òun jẹ́ kí ọmọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ pe ẹni tó ni ilé ìwé lórí fóònù, ó ní tíṣà lésìn tí wọ́n fún òun kò dára, òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí òbí tó bi mí rí pé kí lọmọ òun mọ̀. Máàkì ni wọ́n ń béèrè. Mo wá ń fún wọn ní máàkì."

Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì kọjá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n túbọ̀ kórìíra rẹ̀. Ṣé irú àwọn òbí báyìí náà wà nígbà tiyín? Báwo lẹ ṣe ń fara dà á? Mi ò rántí pé ẹ bú ẹnikẹ́ni létí wa rí.

Ọlọ́run ò kọ̀ wá sílẹ̀ pátápátá ṣá. Nígbà ìsinmi, wọ́n rán Bọ̀dá Wálé lọ sí Àbújá nídìí iṣẹ́, àbúrò ìyàwó wa sì bímọ n'Íbàdàn, ìyàwó wa ní láti lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n gbé Dárà wá bá mi ní Òkè-Àfà. Ìyá rẹ̀ kì mí nílọ̀ pé Ọ́ńkù Fẹ́mi á máa wá sọ́dọ̀ mi, kí lésìn má bàa já. Ó wá lóòótọ́. Ó wo fàráńdà, ó wo bẹ́ǹṣì, ẹ̀fọn kan jẹ ẹ́ lọ́rùn níbi tí táì dé. Kò padà wá mọ́. Ẹ̀fọn Òkè-Àfà ti ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì fún Dárà. Ó bú sẹ́kún. Mo rò pé nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ni, mo ní kó má bẹ̀rù, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò kùnà rí ni! Gbogbo ìwé rẹ̀ látọdún tó kọjá, ẹ ò lè rí àmì kíkùnà kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣi nǹkan ṣe kó sì wà láàyè. Lójú rẹ̀, tó bá fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó tó sì kùnà, ilé á wó. Irú ìyà wo ni wọ́n fi jẹ ọmọ yìí lábẹ́ ẹ́síì, Bàbá? Àwọn tí wọ́n ń na ọmọ ní pàṣán, ó kéré tán, ọmọ á mọ̀ pé wọ́n na òun.

Ẹ ò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí n ti béèrè nígbà tí ẹ wà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìdáhùn sọ bíi tiyín, ọmọ náà ò bá mi wí. Ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà pé àgbàlagbà kì í ṣì í. Mo ń ṣe é lójoojúmọ́ tí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé, ó ń sú mi, mo ń bú ìyá rẹ̀ nínú. Àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé píọ̀ wọ́tà wá fún wa. Ogún ló máa ń wà nínú àpò kan, òun ló sì ń tò ó sínú fíríìjì. Mo jókòó, mo ní ìdajì àpò kan, ká ro ìdá mẹ́rin àpò náà mọ́ ọn, méjìlá ni àpapọ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wo àpò.

"Àǹtí, ẹ ò gbà á o. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

Mo bá a jiyàn, mo ní méjìlá ni. Ó bínú! Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pín in níwájú mi, ó ń bá mi wí bí ìyá àgbà. Mo ní kó dákẹ́, kí n lọ wo nǹkan kan lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. Mo lọ sunkún ní ilé ìdáná lábẹ́ ibi tó ń jò ni.

Àwọn òbí rẹ̀ dé, wọ́n wá mú un lọ. Ìdánwò ti sún mọ́lé. Èyí tó mọ̀ ò tíì pọ̀, ó ṣì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó máa wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò gbà. Ìyàwó wa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí nídìí mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, Ọ́ńkù ti rí ẹnì kan tó máa ṣọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan, kí wọ́n dúró títí ẹni náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdáhùn fún wọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó wa yìí ti ń darí ẹ̀kọ́ ọmọdé, Bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ní ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀, wọ́n gbé ẹni náà lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn, wọ́n fi obìnrin kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò náà rọ́pò rẹ̀. Dárà ló sọ fún mi. Ó ní gbogbo àwọn ọmọ Ọ́ńkù Fẹ́mi jókòó, wọ́n di pẹ́ńsù mú, wọ́n ń wo ẹnu obìnrin náà. Obìnrin náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò pe nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń wò ó. Dárà náà ń wò ó. Ó ní nígbà tó yá, òun rí ìbéèrè kan tó jọ ti píọ̀ wọ́tà, òun bá fi pẹ́ńsù kun àyè ìdáhùn rẹ̀. Ó tún kun òmíràn. Àkókò ti lọ, kò lè dé ìparí. Ó ní ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ò kun ẹyọ kan títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé ó ń sunkún, ó ní ó kàn ń dúró ni.

Mo ti ń kẹ́gàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí tipẹ́, mo sì ń gbádùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Ti ọmọbìnrin yẹn ni mi ò lè gbádùn. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni, bí kò fúnni lápá, á ṣoni lẹ́sẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ bọ́ aṣọ àgbàbọ̀ náà lára àwọn ọmọ wọ̀nyí lójú ọjà, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn láàárín àwọn tó yá wọn.

Èsì jáde lánàá. Máàkì Dárà ò gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Bọ̀dá Wálé pè mí pé kí n wá wo ohun tí mo dá sílẹ̀. Láti Òkè-Àfà dé Àìlégún ni mo ti ń to èébú lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó le fún ìyàwó rẹ̀, èyí tó le jù fún òun. Mo ní lónìí, màá bú wọn dé ilé àna wọn.

Mo bá ìyàwó wa lórí àga, ó fi gèlè dì mọ́ inú bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀kì mi ló ba ọmọ òun jẹ́, pé èmi ló kọ́ ọ ní ìwàǹwára tí kò fi lè dúró de ìdáhùn, kó tó di pé ó lọ sọ́dọ̀ mi kò sí iṣẹ́ tí kì í gbà. Ọ́ńkù Fẹ́mi ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbàdúrà, ẹ̀mí àtakò kan ló dìde sí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi lẹ́nu bí ẹran, mo ti la ẹnu. Ìyàwó wa ti yíjú sí Dárà tó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ń na fóònù náà sí i lójú.

"Wò ó! Wo máàkì! Máàkì ta nìyí? Ta ló ni irú máàkì yìí nínú ilé yìí?"

Dárà wo fóònù náà dáadáa, bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Èmi ni mo ni ín, Mọ́mì. Èmi nìkan ni mo gbà á."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàfojúdi. Kò sunkún. Ṣe ló sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún àlejò. Bọ̀dá Wálé gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bi í pé èwo ló mọ̀ nínú rẹ̀, èwo ni kò mọ̀. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn bi ọmọ náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Dárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, èyí tó mọ̀, èyí tí kò mọ̀, èyí tí kò rí àkókò fún, ọmọ yín sì ń gbọ́ ọ, omi wà lójú rẹ̀.

Mi ò rí èébú kankan bú. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sílé bí mo ṣe kó o wá.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó ń ṣàfẹ́rí yín lójoojúmọ́, tí inú rẹ̀ ò sì tíì rọ̀ sí wọn.